Dídán Oúnjẹ Tuntun Wò Nínú Ilé



Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí púpọ̀ nínú yín ń ṣe láì fún un ní orúkọ. Ní Soclogbo níbí, àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìdàáṣà láàárín àwọn òkè wa, ìgbà kan máa ń wà nínú ọdún tí ó ṣòro láti gbé ìkòkò kaná. Isu èṣí ti tán. Isu tuntun kò tíì tó wà. Ẹ̀wà wọ́n lọ́jà, ẹ̀gúsí sì tún wọ́n jù ú lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìyá ilé á wo ohun tó wà nílẹ̀. Á fi èyí rọ́pò ìyẹn, á dín tibí kù, á fi tọ̀hún kún un, oúnjẹ á sì jáde. Bí ó bá dùn, àwọn ọmọ á tún béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá dùn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á dákẹ́.

Ohun tí ìyá náà ṣe yẹn, ìdánwò ni. Ó jọ iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń ṣe nínú ilé ìwádìí wọn. Ìkòkò àti orógùn nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí lọ, ẹ mú ìbéèrè kan dání: nínú oúnjẹ tí a ń sè, kí ni a lè yí padà bó ti wù wá, kí sì ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

OÚNJẸ WA NÁÀ TI JẸ́ TUNTUN RÍ

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Bí ìyá mi ti ṣe é nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbágùúdá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí. Kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfríkà, láti ọ̀rúndún 16. Òkun náà ni àgbàdo gbà wá, àti ata, àti tòmátì. Nígbà tí àgbàdo kọ́kọ́ dé, ẹnìkan ní láti rẹ ẹ́, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì wò ó bóyá yóò di ògì. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil wà lára àwọn tó jẹ́ kí ṣíṣe gàrí gbilẹ̀ ní etí òkun wa. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní oúnjẹ àwọn baba wa lónìí, ìdánwò àwọn ìyá wa ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Èyí tó dé lẹ́yìn ni sójà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá. Wọ́n mú un wọ Nàìjíríà ní 1908, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó wọ inú ìkòkò àwọn ènìyàn. Wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń tà á fún àwọn òyìnbó, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè jẹ ẹ́. Sójà le, ó sì ní òórùn tútù kan tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́.

Ní 1987, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, pẹ̀lú àwọn ilé ìwádìí mìíràn ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti mú sójà wọ ilé ìdáná. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Wọn kò kó oúnjẹ àjèjì wá fún àwọn obìnrin. Oúnjẹ tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fi sójà sí: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ògì, ọbẹ̀, irú. Ṣáájú ìgbà náà, ilé ìwádìí FIIRO ní Oshodi, ní Èkó, ti po ògì pọ̀ mọ́ sójà fún àwọn ọmọ kéékèèké: ọwọ́ 7 àgbàdo sí ọwọ́ 3 sójà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá wọn 100 gíráàmù sójà gbígbẹ, nǹkan bí 36 nínú rẹ̀ ni èròjà amúaradàgbà, èyí tó ń mú kí ara ọmọ dàgbà. Ti ẹ̀wà jẹ́ nǹkan bí 24. Ti gàrí kò ju 1 tàbí 2 lọ. Ọmọ tó ń jẹ gàrí àti ọbẹ̀ ata nìkan lè yó, kí ó má sì dàgbà.

WÀGÁSÌ TÍ KÒ TI ARA MÁLÚÙ WÁ

Gbogbo wa ló mọ wàgásì, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè ní wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fi oje ewé bọmubọmu sí i, yóò sì dì. Wọ́n lè fi omi pòròpórò bàbà pa á láró kí ó lè pupa. Oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni owó rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi sójà ṣe irú rẹ̀ báyìí. Wọ́n ń dín in, wọ́n ń tà á lójú ọ̀nà àti níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ má ṣe kàn ka bí a ti ń ṣe é. Ẹ máa bi ara yín pé kí ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ẹ wá ife kan, kí ẹ sì fi ife náà wọn ohun gbogbo. Ẹ wọn sójà ife 1. Ẹ ṣà á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Rírẹ yìí ń mú kí ó rọ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ dà á sínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á wá sọ pé sójà ń rùn. Òórùn náà kò sí nínú sójà tí a kò tíì fọ́. Ìgbà tí a bá ń lọ̀ ọ́ ní tútù ni ó ń jáde. Iná ló ń pa ohun tó ń fà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi omi ife 8 pò ó, kí ẹ sì fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀ wúlò. Ẹ lè pò ó mọ́ àkàrà, tàbí kí ẹ sè é fún àwọn ẹran. Ẹ gbé omi funfun náà kaná. Ẹ máa rò ó, nítorí ó máa ń jó nísàlẹ̀, ó sì máa ń ru bo ìkòkò bí a bá gbójú kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Sójà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí inú lè lo oúnjẹ náà. Ó lè mú inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wá. Híhó yẹn ló ń pa á.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ da ṣíbí 2 sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí kò bá tíì dì, ẹ fi ṣíbí 1 kún un. Ẹ ó rí i tí funfun rẹ̀ ń kó ara jọ, tí omi rẹ̀ sì ń mọ́, tí ó ń pọ́n díẹ̀. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ dì í, kí ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e lórí fún nǹkan bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, kí ẹ dín in.

Kí ni a lè yí padà níhìn-ín? Ohun púpọ̀. Bí kò bá sí ọsàn wẹ́wẹ́, omikan orí ògì yóò ṣe é, nítorí pé kíkan ni a ń wá, kì í ṣe ọsàn. Ẹ lè fi atalẹ̀ sí i, tàbí àlùbọ́sà, tàbí kí ẹ má dín in rárá, kí ẹ jù ú sínú ọbẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹrù lé e fún àkókò kékeré, yóò rọ̀. Bí ó bá pẹ́, yóò le bí ẹran. Gbogbo èyí wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n híhó fún ìṣẹ́jú 20 kò sí lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn.

OHUN KAN NÍ Ẹ̀Ẹ̀KAN

Ẹni tó bá yí ohun 3 padà lójú kan kò ní mọ èyí tó mú kí oúnjẹ dára tàbí kí ó bàjẹ́. Bí ẹ bá yí omi padà, ẹ fi ọsàn sílẹ̀ bó ti wà. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ yí ọsàn padà, kí ẹ fi omi sílẹ̀. Ẹ ṣe díẹ̀, ife 1, kì í ṣe odindi agbọ̀n. Bí ó bá bàjẹ́, àdánù rẹ̀ kò ní pọ̀.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lè kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà, ìwé kékeré kan nínú ilé ìdáná ti tó yín lò. Ẹ wo bí a ṣe lè kọ ọ́:

Ọjọ́ Ẹtì. Sójà ife 1. Omi ife 8. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 4. Ó dì dáadáa. Ó kan díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn: ṣíbí 3.

Gbólóhùn kéékèèké 6 àti ìmọ̀ràn kan péré nìyẹn. Láì kọ ọ́, ẹ ó tún da ṣíbí 4 sí i lóṣù tó ń bọ̀, nítorí pé orí kì í rántí ṣíbí. Àwọn kan sọ fún mi pé ọwọ́ àwọn mọ ìwọ̀n iyọ̀ láì wọ̀n ọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kò lè bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé ọkọ ní Kùtọnu, ìwé lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ̀ pé igi igbá kò pọ̀ nítòsí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àti pé èso rẹ̀ ń gba igi ìdáná púpọ̀. A máa ń sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèpo rẹ̀ tó gbà láti bọ́. Ní Benin nìkan, irú yìí ní orúkọ mẹ́ta ó kéré tán: àwọn Fọ̀n ń pè é ní afitin, àwọn Bariba ń pè é ní sonru, àwa ń pè é ní irú. A lè fi sójà ṣe é pẹ̀lú. Ẹ bó o, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, kí ẹ dì í sínú agbọ̀n tó ní ewé, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ 2 sí 3. Igi ìdáná tí yóò jẹ kéré sí ti irú igbá. Ní tèmi o, irú igbá ṣì dùn jù ú lọ nínú ọbẹ̀ ilá. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú igbá bá wọ́n, n kò ní fi ti sójà sílẹ̀.

Èso kajú náà wà níbẹ̀. Ní agbègbè wa, a ń ta kóró rẹ̀, a sì ń fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kí ó jẹrà sábẹ́ igi, nítorí pé ó ń gbẹ ọ̀fun. Ẹ fún omi rẹ̀ jáde, ẹ fi ògì gbágùúdá tí a fi omi gbígbóná rò díẹ̀ sí i, kí ẹ dúró. Ohun tó ń gbẹ ọ̀fun náà yóò lẹ̀ mọ́ ògì, yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná kí ó gbóná dáadáa, kí ẹ mu ún ní tútù. Báwo ni ògì yóò ṣe pọ̀ tó? Ẹ dán an wò pẹ̀lú ife 1, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

ÌGBÉSẸ̀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GÉ KÚRÚ

Ibi tó le nínú ẹ̀kọ́ yìí la dé yìí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní agbègbè Bandundu, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, tí ó di Kóńgò Olóṣèlú lónìí, àwọn obìnrin a máa rẹ gbágùúdá kíkorò sínú omi fún ọjọ́ 3 kí wọ́n tó sá a. Ọ̀nà mọ́tò tó dára dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn oníṣòwò ń wá láti Kinshasa, wọ́n ń fẹ́ gbágùúdá púpọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ kíákíá. Ni àwọn obìnrin kan bá gé ọjọ́ 3 yẹn kúrú, wọ́n ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 1. Ìyẹ̀fun náà funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn abúlé náà, àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó ń sáré lánàá á jí lówurọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á ti gan. Àìsàn náà kì í lọ. Wọ́n ń pè é ní konzo, ó sì túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a dì. Dókítà kan tí ń jẹ́ Trolli ti kọ nípa rẹ̀ láti 1938. Ní 1981, nígbà ọ̀dá, ó mú ènìyàn tó lé ní 1,000 ní agbègbè Nampula, ní Mozambique. Ebi ń pa wọ́n, wọn kò lè dúró de ọjọ́ tó yẹ.

Kí ló fà á? Gbágùúdá ní ohun kan nínú tí ó ń di májèlé bí a bá gé e tàbí bí a bá rin ín. Sáyánáìdì ni orúkọ májèlé náà. Bí a bá rin gbágùúdá, májèlé náà á jáde bí afẹ́fẹ́, òmíràn á sì bá omi lọ. Ẹ wá ronú nípa gàrí tiyín. Ẹ ń rin ín: májèlé ń tú sílẹ̀. Ẹ ń fi í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́: omi ń gbé e lọ. Ẹ ń yan án: iná ń lé ìyókù jáde. Nítorí náà ni kò ṣe dára kí ẹni tó ń yan gàrí jókòó sínú iyàrá tí kò ní fèrèsé. Kì í ṣe nítorí kí gàrí lè kan nìkan ni ẹ ṣe ń dúró. Oníṣòwò tó bá ní kí ẹ rin ín lówurọ̀ kí ẹ yan án ní ìrọ̀lẹ́ ń ní kí ẹ fi májèlé díẹ̀ sílẹ̀ nínú oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn tó ní konzo ní ohun kan náà tí wọ́n fi jọra: gbágùúdá nìkan ni wọ́n ń jẹ, láì sí ẹja, láì sí ẹyin, láì sí ẹ̀wà. Ara ń lo èròjà kan nínú irú oúnjẹ wọ̀nyí láti lé májèlé náà jáde. Ẹ rí i pé wàgásì tàbí ẹja kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí kì í ṣe afẹ́.

Isu igbó kíkorò bíi gúdúgúdú náà wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ẹni tí kò bá mọ bí àwọn àgbà ti ń rẹ ẹ́ tí wọ́n ń sè é, kí ó fi í sílẹ̀.

Igò àti àpò oògùn òwú ń kọ́? Àwọn kan ń rò pé bí a bá fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, a lè rọ epo tàbí gàrí sínú wọn. Ní 1999, ní Borgou, ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú nítorí oògùn òwú tí ń jẹ́ endosulfan. Lára wọn ni àwọn tí oúnjẹ wọn kan oògùn náà. Ìjọba ti fòfin dè é lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn ṣì wà lóko. Ọṣẹ kò lè fọ̀ wọ́n kúrò lára ike.

ÌDÁNWÒ KAN FÚN ÌYẸ̀FUN GBÁGÙÚDÁ

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló ń gé nǹkan kúrú. Howard Bradbury, onímọ̀ kan ní Australia, wá ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé láì náwó. Ní abúlé Kay Kalenda, ní Bandundu kan náà, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2010. Ní gbogbo àkókò tí àwọn olùwádìí fi wà pẹ̀lú wọn, kò sí ẹni tuntun tó rọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ da ìyẹ̀fun gbágùúdá sínú abọ́. Ẹ fi èédú sàmì sínú abọ́ náà, níbi tí ìyẹ̀fun dé. Ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó. Ìyẹ̀fun náà á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ó bá ti padà dé ojú àmì, ẹ má fi omi kún un mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní tó mọ́, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó má nípọn ju ìbú ìka ọwọ́ kékeré lọ. Ẹ fi í sínú oòrùn fún wákàtí 2. Bí kò bá sí oòrùn, wákàtí 5 lábẹ́ òjìji. Májèlé tó kù nínú rẹ̀ yóò máa fò lọ, títí yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó tilẹ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ ro ó lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, yóò bu.